ỌMỌ MI FẸ́ LỌ TÚN Ọ̀PÁ TÓ Ń BÁ ỌKỌ̀ ABẸ́ OMI SỌ̀RỌ̀ ṢE

  

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ti onílé tó fẹ́ fi kún owó ilé wà níbẹ̀, ti ọkọ tí kì í sùn sílé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo kà tán tí mi ò lè gbé sílẹ̀. Láti Jíbówú ló ti wá. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe wà:

“Ọmọ mi oníwèé ìròyìn, ṣé dáadáa lo wà? Èmi ni mò ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn èrò ọkọ̀ níbí ní Jíbówú. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, iṣẹ́ gígun òpó fóònù ló ń ṣe kiri Èkó, tó ń tún wọn ṣe. Bó bá ti gòkè báyìí, ọkàn mi ò ní balẹ̀ títí á fi sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan wá bá a pé iṣẹ́ wà ní Làìbéríà, níbi ọ̀pá irin kan tó ga ju gbogbo ọ̀pá Áfíríkà lọ. Ó ní ọ̀pá náà ló ń bá àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi sọ̀rọ̀, pé wọ́n ń wá àwọn ọmọ tó lè gùn ún láti máa tọ́jú ẹ̀. Owó ìwé àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦300,000. A ti san ₦100,000. Àjọ mi ni mo kó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń kọ̀wé yìí ní irọ́ ni, pé ta ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi? Ọmọkùnrin náà ní òótọ́ ni. Ìwọ tí o mọ̀wé, bá mi wádìí ẹ̀ kí n tó san èyí tó kù lọ́jọ́ Ẹtì.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìwé mẹ́wàá ni èmi tí ìyá ń pè ní mọ̀wé yìí kà, mo sì jókòó. Mo ní ọ̀pá irin wo ló ń bá ẹja sọ̀rọ̀? Àmọ́ nígbà tí mo tún dé ibi tí ìyá ti ní àjọ òun lòun kó, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ẹni tó bá mọ bí obìnrin ṣe ń yọ owó àjọ lára èrè ìrẹsì mọ ohun tí ₦100,000 jẹ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di Jíbówú.

Mo bá ọmọ náà níbẹ̀. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le bí ìbọ̀sẹ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ó ṣí fóònù ẹ̀, ó fi àwòrán tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ hàn mí: ọ̀pá irin tín-ín-rín kan tó gun ojú ọ̀run lọ, àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ dà bí páálí ìṣáná. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ wo eléyìí. Ẹ̀yin ẹ sọ pé irọ́ ni?”

Mo wo àwòrán yẹn títí. Kò jọ irọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.

ṢÉ ÈÈYÀN LÈ BÁ ỌKỌ̀ ABẸ́ OMI SỌ̀RỌ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ṣiyè méjì. Ọkọ̀ abẹ́ omi wà lóòótọ́. Ọkọ̀ ogun ni. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ rì sínú òkun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù méjì láì yọjú. Ìpamọ́ ni agbára ẹ̀: bó bá yọrí síta, ọ̀tá rí i, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ sí i. Báwo ni wọ́n á ṣe ṣe é?

Fóònù ọwọ́ yín ò lè ṣe é. Omi òkun tó níyọ̀ máa ń gbé ìgbì rédíò mì ni. Ìgbì tí rédíò FM ń lò ń mì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Irú ìyẹn, kò tíì wọnú òkun tó fi kú. Àmọ́ bí ìgbì bá lọ́ra, tó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbà tàbí ogún ẹgbẹ̀rún ìgbà péré ló ń mì, omi ò ní tètè gbé e mì. Ó lè wọlé dé nǹkan bíi mítà 10 sí 20.

Ẹ wò ó báyìí. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ládùúgbò kejì lóru, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí olórin ń wí. Ṣùgbọ́n ìlù ńlá yẹn, gbì, gbì, gbì, á gba inú ògiri wọlé wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn tó rẹlẹ̀ tó sì lọ́ra ló ń la ògiri já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbì tó lọ́ra ṣe ń wọnú omi.

Ó ní àléébù tiẹ̀. Kò lè gbé ohùn èèyàn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n sọ di àmì ló ń gbé, díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ náà á gbọ́, kò ní lè gba ibẹ̀ fèsì. Ìdí tí kò fi lè fèsì ni pé ọ̀pá tó lè ju irú ìgbì yẹn síta tóbi ju ohun tí ọkọ̀ kankan lè gbé lọ.

Ìgbì tó lọ́ra ni ìgbì gígùn. Bó bá ń mì ní ìgbà 10,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì kan ṣoṣo á gùn tó kìlómítà 29. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà láti Jíbówú dé Ìkòròdú! Ìgbì gígùn sì ń fẹ́ ọ̀pá gígùn. Wọ́n á gbé ọ̀pá náà sókè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, wọ́n á na wáyà láti orí ẹ̀ wálẹ̀ bí irin agbòjò, wọ́n á tún ri wáyà mọ́lẹ̀ yí ìdí ẹ̀ ká bí gbòǹgbò igi.

Irú ẹ̀ wà ní Cutler, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1961. Ọ̀pá 26 ló wà níbẹ̀, èyí tó ga jù jẹ́ mítà 304. Irú ẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà láti 1967, ọ̀pá 13, èyí tó wà láàárín jẹ́ mítà 387. Íńdíà ní tiẹ̀ nítòsí Tirunelveli láti 1990. Ní Nàìjíríà ńkọ́? A ò ní in. Ológun ojú omi tiwa ò ní ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n fẹ́ fi bá sọ̀rọ̀.

TA LÓ Ń TỌ́JÚ IRÚ Ọ̀PÁ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ̀yin jórinjórin, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, ẹ̀yin ọlọ́dà, ibi tiyín dé. Ẹ súnmọ́ mi.

Ọ̀pá gíga bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró. Okùn irin ló dì í mú, bí okùn ṣe ń di kánópì mú níbi ìnáwó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí okùn kan bá dẹ̀, tí èkejì sì le jù, kánópì á wọ́, atẹ́gùn díẹ̀ á sì gbé e ṣubú lé àwọn àlejò lórí. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwọn okùn: èwo ló dẹ̀, èwo ló le jù? Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn nǹkan bí àwo tánganran tí wọ́n fi ń dá iná dúró lára wáyà, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lórí òpó iná. Bí ọ̀kan bá sán, tàbí tí iyọ̀ òkun gbẹ mọ́ ọn lára, iná á máa jò gba ibẹ̀.

Irin ń dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ òkun ò mọ̀ pé ìjọba ló ni ín. Wọ́n á ha á, wọ́n á fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn ún kí ọkọ̀ òfuurufú lè rí i. Wọ́n á yẹ bóòtù àti nọ́ọ̀tù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pààrọ̀ gílóòbù pupa tó wà lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n á ro koríko, wọ́n á ṣọ́ wáyà bàbà inú ilẹ̀ kí àwọn tó ń kó kọ́ndẹ́ẹ̀mù má hú u tà. Ní Cutler, yìnyín máa ń dì mọ́ wáyà nígbà òtútù. Iná ni wọ́n ń rán sínú wáyà ọ̀hún kó lè gbóná, kí yìnyín sì yọ́ dànù.

Òfin kan wà tó ju gbogbo ẹ̀ lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà náà láì jẹ́ pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ, wọ́n sì ti so wáyà mọ́lẹ̀ kí iná tó kù lára ẹ̀ lè wọlẹ̀. Iná ibẹ̀ ju ti òpó iwájú ilé yín lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pín àwọn ọ̀pá Cutler sí ọ̀nà méjì. Bí wọ́n bá pa apá kan láti tún un ṣe, apá kejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn kì í sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé “gùn ún bẹ́ẹ̀, kò ní ṣe ẹ́.”

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọ̀PÁ LÀÌBÉRÍÀ

Ó wá kan ọ̀pá inú àwòrán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pá náà wà rí! Paynesville ni ó wà, ní ẹ̀gbẹ́ Monrovia. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí i. Mítà 417 ni gíga ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Cocoa House n’Íbàdàn, kó to Cocoa House mẹ́rin léra, díẹ̀ ló máa fi ju ọ̀pá yẹn lọ. Ọ̀kan lára àwọn ohun tó ga jù tí ọmọ èèyàn kọ́ rí ní Áfíríkà ni.

Omega ni wọ́n ń pe ètò tó wà fún. Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, àmọ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló jọ ń ṣe é. Ibùdó 8 ló wà káàkiri ayé: Làìbéríà, Nọ́wè, Hawaii, North Dakota, erékùṣù Réunion, Ajẹntínà, Ọsirélíà àti Jàpáánù. Ìgbì tó lọ́ra tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo wọn ń lò. Olúkúlùkù ní àsìkò tiẹ̀ láti fọhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, bí ìgbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń pe orúkọ níbi ìpàdé. Ọkọ̀ òkun tàbí ọkọ̀ òfuurufú tó bá ń gbọ́ wọn á fi mọ ibi tóun wà. Ọkọ̀ abẹ́ omi náà lè gbọ́ ọ. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ìbátan wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí wà lára àwọn tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà fún gbogbo ayé?

Èyí tó wú mi lórí jù nìyí: lọ́dọọdún, ibùdó kọ̀ọ̀kan ní oṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ti Làìbéríà ni Èrèlé, oṣù February, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí Monrovia wà lára àwọn olú ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù láyé. Wọ́n á kéde fún gbogbo ọkọ̀ pé a ò ní fọhùn, a ń tún ilé ṣe. Ayé á sì dúró dè wọ́n. Ẹ ò rí i pé wọ́n ka àtúnṣe sí iṣẹ́ gidi.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ìparí ọdún 1989 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi di 1990 ó ti dé Monrovia. Ẹ̀yin tí ọmọ yín bá ECOMOG lọ, ẹ ò nílò kí n sọ fún yín. Ní ìta Làìbéríà, nǹkan mìíràn tún ń yí padà. Sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ti ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ju ọ̀pá ilẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù September, ọdún 1997, wọ́n pa gbogbo Omega.

Ọkùnrin tó gbowó lọ́wọ́ ìyá ò kúkú purọ́ tán. Ọ̀pá Omega ti Ọsirélíà, lẹ́yìn 1997, wọ́n sọ ọ́ di ti ọkọ̀ abẹ́ omi lóòótọ́ títí di ìparí 2004. Ti North Dakota náà di ti ọkọ̀ abẹ́ omi. Àmọ́ ti Làìbéríà? Rárá. Kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ fún un. Kò sí owó ọ̀dà mọ́, kò sí ẹni tó ń wọn okùn. Ẹni tó bá wù ú ń rìn wọlé, ó ń gùn ún lọ sókè láti wo ìlú. Ilé tí kò lẹ́ni, ewúrẹ́ á fi ṣe yàrá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù May, ọdún 2011, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wó o lulẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ ni ọjà. Lọ́dún 2021, ibẹ̀ ni ìjọba kó àwọn oníṣòwò ọjà Red Light lọ. Omega Market ni wọ́n ń pe ọjà ọ̀hún.

Ìyá mi, èsì lẹ́tà yín nìyẹn o. Ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ mú ọmọ yín lọ tún ṣe ti wó láti 2011. Bẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò ìrẹsì yín lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ̀yin lẹ máa rí iṣẹ́ ṣe. Ọmọ yín ò ní rí nǹkan kan gùn.

OHUN TÍ ÌYÁ Ò MỌ̀

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà sí Jíbówú. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ìyá pòṣé, ó fi ṣíbí ìrẹsì lulẹ̀. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ó mú fóònù, ó pe ọkùnrin náà, ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ọ̀pá yẹn ṣì wà níbẹ̀?”

Ọkùnrin náà ní, “Ó wà digbí! Oṣù tó kọjá ni mo dúró nídìí ẹ̀.”

Ọmọ náà ní, “Nídìí ẹ̀ lọ́jà, àbí níbo?”

Fóònù dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́. Wọ́n ti lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn. Ká má tan ara wa, ₦100,000 yẹn ti rìn jìnnà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá bi í pé kí ló dé tó fi gbà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní kì í ṣe torí owó oṣù. Ó ní ọkùnrin yẹn sọ fún òun pé níbẹ̀, olúkúlùkù ló ní bẹ́líìtì tiẹ̀. Níbi tóun ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn mẹ́ta ló ń pín bẹ́líìtì kan. Ẹni tí bẹ́líìtì ò bá kàn, ọ̀gá wọn á ní, “Gùn ún bẹ́ẹ̀, kò ní ṣe ẹ́.”

Ìyá ò gbọ́ ọ rí. Ọdún mẹ́ta lọmọ yìí ti ń gòkè, kò sọ fún un, kí ẹ̀rù má baà pa á. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò tiẹ̀ gbọ́ oníbàárà tó ń pè é.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba ọmọ síṣẹ́ òkè, mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ọ̀pá tó ga jù ní Áfíríkà, nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ lọ tán, wíwó ni wọ́n wó o. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e dúró. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ọwọ́ yẹn já bọ́, ta ló máa bá yín gun òpó lọ́la? Owó bẹ́líìtì ò tó owó pósí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ òkè òkun, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ ńkọ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń gbowó? Ṣé iṣẹ́ náà ṣì wà níbi tí wọ́n ní ó wà? Ta lẹ mọ̀ tó ti lọ síbẹ̀ tó sì padà wálé? Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tètè sanwó kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá ná.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ ti ń bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ẹ fi èyí kún un: “Bẹ́líìtì ẹ dà?”

Ọmọ Jíbówú àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ méjì ti sọ fún ọ̀gá wọn pé àwọn ò gòkè mọ́ láì jẹ́ pé bẹ́líìtì pé mẹ́ta. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀gá ò tíì fèsì, àwọn náà ò tíì gòkè. Bó bá fèsì, ẹ máa gbọ́ ọ lójú ìwé yìí.

Ìyá bu ìrẹsì fún mi kí n tó máa lọ. Mo jẹun tán, mo dìde, mo ní ẹ ṣeun mà. Ó ní, “Ìrẹsì lọ̀fẹ́, ọmọ mi, àmọ́ san owó ẹran. Àjọ ni mo tún ń dá.”

Mo san án. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ máa kọ̀wé sí mi.